Ojú Tuntun fún Ẹ̀rọ Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ṣíṣe Sẹ́ńsọ̀ Infrared

Adó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀rọ ìkàwó, fótókópì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti mọ́nógíráàmù ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń tún ṣe. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn ọmọ Póólì àti àwọn tó ni ẹ̀rọ ń bi mí láti ọdún dé ọdún, ni mo bá kó wọn jọ síbí.

Kí ni sẹ́ńsọ̀ infrared, kí ló sì ń ṣe nínú ẹ̀rọ?

Ojú ẹ̀rọ ni. Nǹkan méjì ló para pọ̀ jẹ́ ẹ: LED kan tó ń tan iná tí ojú èèyàn kò lè rí, àti phototransistor tó ń gba iná náà sára. Bí nǹkan bá kọjá láàárín wọn, iná á dí, ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé bébà ti wọlé, tàbí owó kan ti kọjá, tàbí òwú ti já, tàbí ìlẹ̀kùn ti tì.

Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé jù. Àkọ́kọ́ rí bíi lẹ́tà U, LED wà ní apá kan, phototransistor wà ní apá kejì, àlàfo tóóró wà láàárín. Nínú ìkejì, àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, wọ́n kọjú síbì kan náà. Iná á lọ lu nǹkan tó wà níwájú, á ta padà. 940 nm tàbí 850 nm (nm ni òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) ni ọ̀pọ̀ LED yìí ń tàn, nígbà tí ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran kọjá 700 nm.

Ẹ̀rọ mi kò ríran mọ́. Ṣé sẹ́ńsọ̀ ti kú nìyẹn?

Ẹ nu ojú rẹ̀ ná. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ní ó kú kí wọ́n tó gbé e wá bá mi ni kò kú rárá, ìdọ̀tí ló bò ó lójú. Owó tó ti ọjà wá ń gbé ìyẹ̀fun gààrí, epo pupa àti òógùn ọwọ́ wọ inú ẹ̀rọ. Tí ọyẹ́ bá tún dé, eruku á gbára lé epo yẹn, á di ẹrẹ̀ gbígbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbá a, kí ẹ wá fi òwú tí ẹ ti fi spirit rin díẹ̀ nù ún. Ẹ má fi tínà tàbí pẹtiróòlù kàn án, wọ́n á jẹ ike rẹ̀, ojú náà á sì ṣe bàìbàì bí ojú arúgbó.

Bí ó bá mọ́ tán tí kò sì ríran, ẹ tẹ̀lé wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Eku fẹ́ràn wáyà ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn fólítì láàárín kọlẹ́kítọ̀ phototransistor (ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà ní apá pọ́sítífù) àti nẹ́gẹ́tífù, kí ẹ máa ti bébà bọ àlàfo náà, kí ẹ máa yọ ọ́. Bí fólítì bá ń lọ sókè sódò, ojú yè, ibòmíràn ni àìsàn wà. Bí ó bá dúró gbọnin síbì kan, ẹ máa ka ìsàlẹ̀ lọ.

Ṣé iná kò ní í gbé mi?

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà kò le, 5 tàbí 12 fólítì ni. Apá tí iná NẸ́PÀ ń gbà wọlé ló ń pààyàn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, iná 230 fólítì tó bá ti gba inú diode kọjá a máa di nǹkan bíi 325 fólítì lórí kapásítọ̀ ńlá, kapásítọ̀ náà sì lè di í mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Ẹ yọ ọ́, ẹ dúró, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Swíìṣì pípa nìkan kò tó. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ ẹ̀rọ láìyọ ọ́ lára ògiri torí pé "kò kúkú síná" ló máa gbọ́ "Up NEPA!" yàtọ̀ sí bí gbogbo àdúgbò ṣe gbọ́ ọ.

Infrared kò ṣeé fojú rí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá LED rẹ̀ ń tàn?

Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín, kí ẹ kọ ọ́ sí LED náà níbi tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá ń tàn, ẹ máa rí i lójú fóònù bí iná funfun tó ní àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbà pé ó kú, ẹ kọ́kọ́ fi rìmóótù tẹlifíṣọ̀n dán fóònù náà wò. Kámẹ́rà ẹ̀yìn àwọn fóònù kan ní ohun tó ń dí infrared, tiwájú ló máa ń rí i dáadáa.

Ẹ má fi ojú ara yín wò ó fún ìgbà pípẹ́ o, pàápàá èyí tó lágbára. Pé ẹ kò rí i kò túmọ̀ sí pé kò dé inú ojú yín.

LED ń tàn lójú fóònù, síbẹ̀ ẹ̀rọ kò ríran. Kí ló dé?

Ó lè ti darúgbó. LED infrared kì í jó lọ lẹ́ẹ̀kan náà bíi gílóòbù. Ṣe ni iná rẹ̀ ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Fóònù á rí i, ṣùgbọ́n kò ní í tó ohun tí phototransistor ń fẹ́ mọ́. Ẹ fi LED tuntun tàn sí phototransistor àtijọ́. Bí ó bá jí, LED nìkan lẹ máa pààrọ̀, iṣẹ́ parí.

Ṣé mi ò kúkú lè ra irú rẹ̀ gan-an?

Bí ẹ bá rí i, ẹ rà á. Ìṣòro ẹ̀rọ àtijọ́ ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti lè kógbá wọlé, tàbí kí nọ́ńbà ara sẹ́ńsọ̀ jẹ́ nọ́ńbà inú ilé tiwọn tí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Nígbà náà ni kíkọ́ tuntun bọ́gbọ́n mu.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wo inú pàǹtí. Máòsì kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú, ní LED infrared àti agbàmọ́lẹ̀ (ìyẹn phototransistor) méjì méjì. Fótókópì àti printer tó ti kú kún fún oríṣi tó rí bíi U. Ilé àwọn oníṣẹ́ rédíò l'Ádó, ní Ìkẹ́rẹ́, níbikíbi, ẹ ò ní í ṣàì rí printer kan tó ń gbé eruku lábẹ́ tábìlì. Àpótí ìṣáná kan kún fún ojú tí mo yọ lára irú àwọn òkú bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè ṣírò iye ìgbà tó ti gbà mí.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Èwo ni èwo?

Ẹ wo ara ike rẹ̀ dáadáa lábẹ́ iná. Wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà E sí apá LED, S tàbí D sí apá agbàmọ́lẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yí mítà sí ibi tí a fi ń yẹ diode wò. Ẹsẹ̀ méjì tó bá fún yín ní nǹkan bíi 1.0 sí 1.2 ni ti LED, èyí tí wáyà pupa mítà kàn sì ni pọ́sítífù rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tó kù jẹ́ ti phototransistor. Ẹ yí mítà sí òmù, kí ẹ tan iná sí i, kí ẹ pààrọ̀ wáyà mítà. Ọ̀nà tí nọ́ńbà bá gbà wálẹ̀ jù ni èyí tó tọ́, wáyà pupa wà lára kọlẹ́kítọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Mítà abẹ́rẹ́ ti àwọn ọ̀gá wa àtijọ́ yàtọ̀: tó bá ń wọn òmù, wáyà dúdú rẹ̀ ni pọ́sítífù. Ìkejì, tọ́ọ̀ṣì LED funfun òde òní kò ní infrared tó nǹkan, agbàmọ́lẹ̀ tí ojú rẹ̀ dúdú kò sì ní í kà á sí. Iná ìṣáná, oòrùn tàbí rìmóótù lẹ máa lò.

Bí ẹ bá ra LED àti phototransistor lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ gígùn LED ni pọ́sítífù. Ti ọ̀pọ̀ phototransistor yàtọ̀, ẹsẹ̀ kúkúrú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ ni kọlẹ́kítọ̀, ẹsẹ̀ gígùn ni ẹmítà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń kọsẹ̀.

Rẹsísítọ̀ òmù mélòó ni mo máa fi sí LED kí iná má pọ̀ jù fún un?

Ẹ yọ fólítì LED kúrò nínú fólítì tí ẹ ní, kí ẹ fi iye áńpù tí ẹ fẹ́ pín ohun tó kù. LED infrared ń gba nǹkan bíi 1.2 fólítì, 20 mA, ìyẹn 0.02 áńpù, sì ti tó o. Lórí 5 fólítì: 5 dín 1.2 jẹ́ 3.8, 3.8 tí a fi 0.02 pín jẹ́ 190. Ẹ mú 220 Ω (òmù), èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ pupa, pupa, búráùn. LED á gba nǹkan bíi 17 mA.

Lórí 12 fólítì, 680 Ω á fún yín ní nǹkan bíi 16 mA, ṣùgbọ́n rẹsísítọ̀ náà á máa jẹ iná tó tó 0.17 wáàtì. Èyí tó kéré, ti ìdá mẹ́rin wáàtì, á gbé e, àmọ́ á gbóná. Ti ìdajì wáàtì ni mo máa ń lò.

Ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ kó tàn dáadáa kí ẹ wá fi 47 Ω sí i. Á tàn dáadáa lóòótọ́, fún oṣù díẹ̀.

Ṣé LED àti phototransistor nìkan kò tó? Kí ni LM393, IC kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, wá ń ṣe níbẹ̀?

Nígbà míràn wọ́n tó. Bí sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin péré, bọ́ọ̀dù ńlá ló ń ṣe ìyókù, ẹ fi irú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ máa lọ. Bí ó bá ní wáyà mẹ́ta (pọ́sítífù, nẹ́gẹ́tífù àti ìdáhùn), ó ní IC tirẹ̀ nínú tó ń sọ ìdáhùn di bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Irú èyí ni LM393 wúlò fún. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi fólítì méjì wéra, kó sọ èyí tó ga.

Bí mo ṣe ń dè é nìyí, lórí 5 fólítì. Ẹsẹ̀ 8 sí pọ́sítífù, ẹsẹ̀ 4 sí nẹ́gẹ́tífù. Ẹmítà phototransistor sí nẹ́gẹ́tífù. Kọlẹ́kítọ̀ rẹ̀ gba inú rẹsísítọ̀ 10 kΩ lọ sí pọ́sítífù. Ibi tí kọlẹ́kítọ̀ àti 10 kΩ ti pàdé, ẹ fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ 2. Ẹ wá mú fólúùmù kékeré 10 kΩ (rẹsísítọ̀ tó ṣeé yí), etí rẹ̀ kan sí pọ́sítífù, èkejì sí nẹ́gẹ́tífù, kí àárín rẹ̀ gba inú 10 kΩ míràn lọ sí ẹsẹ̀ 3. Ìdáhùn ń jáde lẹ́sẹ̀ 1. Ẹ so ẹsẹ̀ 5 àti 6 mọ́ nẹ́gẹ́tífù, torí apá kejì IC náà kò níṣẹ́.

Ẹsẹ̀ 1 kò lè gbé fólítì sókè fúnra rẹ̀, fífà sílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi 10 kΩ kan fà á lọ sí pọ́sítífù. Ẹni tó gbàgbé èyí ló ń pè mí láàárọ̀ pé LM393 tí òun rà jẹ́ ayédèrú.

Ẹ yí fólúùmù títí fólítì ẹsẹ̀ 3 fi wà láàárín ohun tí ẹsẹ̀ 2 ń fún yín nígbà tí ojú ṣí àti nígbà tí ó dí. Ojú tó dára á fún yín ní nǹkan tí kò tó ìdajì fólítì nígbà tó ṣí, á sì súnmọ́ 5 nígbà tó dí. Bí àlàfo àárín wọn kò bá tó fólítì kan, kì í ṣe fólúùmù ló máa wò ó sàn. Ẹ padà lọ wo bí LED àti phototransistor ṣe kọjú síra.

Mo ní LM358, IC míràn, nílé. Ṣé kò ṣeé lò dípò rẹ̀?

Ó ṣeé lò, ẹsẹ̀ wọn tilẹ̀ bára mu. Àmọ́ lórí 5 fólítì, ìdáhùn rẹ̀ kì í ga ju nǹkan bíi 3.5 lọ, ó sì lọ́ra ju LM393. Fún ìlẹ̀kùn àti bébà, kò burú. Fún ohun tó ń sáré, rárá.

Ẹ̀rọ ń ṣe òdìkejì: kò sí bébà, ó ní bébà wà.

Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 3. Wáyà tó ti kọlẹ́kítọ̀ wá á lọ sí 3 láti inú rẹsísítọ̀ 10 kΩ, ti fólúùmù á lọ tààrà sí 2. Ó tán.

Báwo ni mo ṣe máa mọ fólítì tí bọ́ọ̀dù ńlá ń retí?

Mo ti fi ọwọ́ ara mi sanwó ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀rọ ìkàwó kan ni, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú yìí. Wáyà pupa tó wọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ gbé 12 fólítì, èmi náà sì fi 12 fa ẹsẹ̀ 1 sókè láìronú. Bọ́ọ̀dù ńlá kò gbà ju 5 lọ lẹ́nu ọ̀nà ìdáhùn. Mo tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ kọ 8 mẹ́ta, ó sì dúró síbẹ̀ títí dòní. Akápò wọn jókòó síwájú mi, ó na ọrùn, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ó ti ń kà ni?" Bọ́ọ̀dù tuntun ni mo rà fún wọn, lápò ara mi.

Nítorí náà: kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ kúrò, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wọn wáyà ìdáhùn lọ́dọ̀ bọ́ọ̀dù ńlá. Bí ẹ bá rí 5 (tàbí 3.3), bọ́ọ̀dù ti ní rẹsísítọ̀ tirẹ̀ tó ń fà á sókè, tiyín kò pọn dandan. LM393 lè jẹ 12 fólítì lẹ́sẹ̀ 8 kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní 5. Àǹfààní pé fífà sílẹ̀ nìkan ló mọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí òdo, ẹ wo ojú míràn tó yè lára ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ wọn tirẹ̀ nígbà tó dí àti nígbà tó ṣí.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ mọ̀ ni pé ìdáhùn tí ojú àtijọ́ ń fi ránṣẹ́ lẹ ń tún kọ́. Ike rẹ̀ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ kò kan bọ́ọ̀dù ńlá.

Bébà kan kọjá, ó ka mẹ́ta. Kí ló ń ṣe é?

Etí bébà kì í dí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fólítì ẹsẹ̀ 2 ṣe ń kọjá lára ti ẹsẹ̀ 3, ariwo mọ́tò á máa mì ín, LM393 á sì máa sọ bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́-bẹ́ẹ̀ni. Ẹ so rẹsísítọ̀ 1 MΩ (búráùn, dúdú, àwọ̀ ewé) láti ẹsẹ̀ 1 padà sí ẹsẹ̀ 3. Ó ń fún un ní agídí díẹ̀, nǹkan bí ìdá ogún fólítì kan: tó bá ti pinnu, kò ní í tètè yí ọkàn padà. Bí mọ́tò bá wà nítòsí gan-an, ẹ sọ ọ́ di 220 kΩ, agídí rẹ̀ á ròkè sí nǹkan bíi 0.2 fólítì. Ẹsẹ̀ 3 náà ló máa ń lọ, kódà bí ẹ bá ti pààrọ̀ wáyà bí mo ṣe wí lókè.

Ẹ fi kapásítọ̀ 104, ìyẹn 100 nF, sáàárín ẹsẹ̀ 8 àti 4, kó jókòó ti IC pẹ́kípẹ́kí. Mi ò tíì rí bọ́ọ̀dù tí mo fi kapásítọ̀ yìí sí tí mo sì kábàámọ̀.

Láàárọ̀ ó dára, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ń ya wèrè.

Níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín kọjú sí? Obìnrin kan tó ń ṣe fótókópì ní Ìkẹ́rẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí èyí. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo tó lọ, mo rí oòrùn tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó tẹ́ sórí ẹ̀rọ bí aṣọ. Infrared kún inú oòrùn bámúbámú. Phototransistor kò mọ ti LED yàtọ̀ sí ti oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. A gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá, ó tán. Mi ò gba ju owó ọkọ̀ lọ.

Bí ẹ̀rọ kò bá ṣeé gbé, ẹ ki phototransistor bọ inú ọ̀pá dúdú kékeré kó lè máa wo iwájú nìkan. Ẹ tún lè dín 10 kΩ ti kọlẹ́kítọ̀ kù sí 4.7 kΩ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ má tètè dà á láàmú, bí LED yín bá lágbára tó.

Mo fi náílọ́ọ̀nù dúdú bò ó, ó ṣì ń ríran. Ṣé àjẹ́ ni?

Dúdú lójú wa kì í ṣe dúdú lójú infrared. Ike dúdú iwájú rìmóótù ni kí ẹ wò: ojú wa kò ríran kọjá rẹ̀, infrared ń gba inú rẹ̀ jáde. Náílọ́ọ̀nù àti ike dúdú kan náà wà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ fi dí i bo rìmóótù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wò ó lójú fóònù. Bébà sìgá tó ń dán tàbí páànù tín-ín-rín kì í yẹ̀.

Àlàfo tèmi fẹ̀, ó tó mítà kan. Ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú iná tó ń tàn gbọnrangandan. Ẹ jẹ́ kí LED máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejìdínlógójì ẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 38 kHz, kí ẹ fi agbàmọ́lẹ̀ tó jẹ́ pé iná tó ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ nìkan ló mọ̀ gbà á. Oòrùn kì í ṣẹ́jú, agbàmọ́lẹ̀ kò ní í kà á sí. NE555, IC kan tó ń ka àkókò, lè mú LED ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀: 1 kΩ, 18 kΩ àti kapásítọ̀ 1 nF á fún yín ní nǹkan bíi 39 kHz. Bí ẹ bá fi fólúùmù 20 kΩ dípò 18 kΩ, ẹ lè yí i dé 38 gan-an.

Àwọn ọmọ Póólì máa ń ra TSOP38238, ọ̀kan nínú agbàmọ́lẹ̀ 38 kHz, wọ́n á ní ó rí iná lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákú. Kò dákú. Ti rìmóótù ni wọ́n ṣe é fún. Bí 38 kHz bá ń wọlé láìsinmi, á kà á sí ariwo, á di etí. TSSP4038 ni wọ́n ṣe fún ojú tó ń ṣọ́nà láìsinmi. TSOP tó wà lọ́wọ́ yín náà ṣeé lò bí ẹ bá jẹ́ kí 555 máa sinmi láàárín, àmọ́ ìyẹn ń fẹ́ 555 kejì.

Ṣé èyí tí mo kọ́ kò ní í lọ́ra ju ẹ̀rọ lọ?

Fún owó kíkà, rárá. Ẹ̀rọ tó ń ka 1,000 lẹ́yọ lẹ́yọ ní ìṣẹ́jú kan ń lo 60 mílísẹ́kọ́ndì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, phototransistor pẹ̀lú 10 kΩ sì yára ju ìyẹn lọ lọ́nà tó pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àgbá oníhò tó ń ka ìyípo mọ́tò. Bí ó bá ní ihò 60 tó sì ń yí lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 1,500 ìgbà ni ojú ń ṣí tó ń dí. Níbẹ̀, ẹni tó fi 100 kΩ sí kọlẹ́kítọ̀ kí ojú lè mú dáadáa á rí i pé ó mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yá mọ́.

Ṣé mo lè fi infrared ṣe ojú ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà, èyí tó ń wo àmì kó tó gé náílọ́ọ̀nù?

Ẹ má dá a lábàá. Àmì aláwọ̀ ni ojú yẹn ń wò, infrared kò sì mọ àwọ̀. Ọ̀pọ̀ yíǹkì búlúù, pupa àti yẹ́lò, iná infrared ń gba inú wọn kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Yíǹkì dúdú tó ní èédú nínú ló ń dí i. Ẹ lo LED tó ń tàn lójú: iná pupa fún àmì búlúù, iná gíríìnì fún àmì pupa, kí àmì náà lè dúdú lójú phototransistor. Ẹ sì ra phototransistor tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara, torí èyí tó dúdú á dí iná yẹn.

Ẹ̀rọ ìkàwó mi ń kà, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí owó méjì bá lẹ̀ pọ̀ mọ́.

Ẹ ti sọ ojú tó ń wọn nǹkan di ojú tó ń sọ bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkàwó, ojú tó ń kà ni wọ́n tún fi ń mọ bí owó ṣe nípọn tó: iná ń gba inú bébà kọjá díẹ̀, méjì tó lẹ̀ pọ̀ á sì dí ju ẹyọ kan lọ. Bọ́ọ̀dù ńlá ń ka fólítì yẹn gan-an. LM393 á gbé gbogbo rẹ̀ jù sí òdo tàbí 5, ìyàtọ̀ ẹyọ kan sí méjì á sọnù.

Ẹ yọ LM393 kúrò. Ẹyọ LED, ẹyọ phototransistor àti rẹsísítọ̀ méjì, ó tó. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí fólítì bá ti àtijọ́ mu, ojú tó yè lẹ sì máa fi ṣe òṣùwọ̀n, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ní ojú méjì, ọ̀tún àti òsì. Ẹ fi fólúùmù 50 kΩ dípò rẹsísítọ̀ kọlẹ́kítọ̀. Ká ní ojú tó yè ń fún yín ní 0.6 láìsí owó àti 2.1 pẹ̀lú ẹyọ kan, ẹ máa yí tuntun títí yóò fi sọ ohun kan náà lórí owó kan náà. Ẹ wá yọ fólúùmù, ẹ wọn òmù rẹ̀, kí ẹ fi rẹsísítọ̀ gidi rọ́pò rẹ̀. Mọ́tò ń gbọ̀n, fólúùmù kò ní í dúró síbi tí ẹ fi í sí.

Owó tuntun ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe èyí tí epo ti rin gbingbin. Owó eléèpo ń jẹ́ kí iná kọjá ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ẹ̀rọ kan sì máa ń yẹ ojú ara wọn wò bí ẹ bá ṣe ń tàn wọ́n, wọ́n á gbé iná LED sókè tàbí sílẹ̀ fúnra wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó tàbí ọwọ́ wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn.

Ojú tó ń dáàbò bo ọwọ́ lára ẹ̀rọ ìgébèébà ti bàjẹ́. Ṣé ẹ lè bá mi kọ́ ọ?

Rárá. Mo ti kọ̀ ọ́ fún ju ẹnì kan lọ, ọ̀kan nínú wọn kò sì kí mi mọ́ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ojú tí a ń kọ́ níbí lè kú kó sì dúró lórí "kò sí nǹkan": wáyà já, ìdáhùn rẹ̀ ga sókè, ẹ̀rọ gbà pé ojú ọ̀nà ṣófo. Lórí bébà, ìwé kan bàjẹ́. Lábẹ́ abẹ ìgébèébà, ìka ni. Àwọn tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn máa ń yẹ ara wọn wò láìsinmi, ọ̀nà ìdáhùn wọn jẹ́ méjì, bí ọ̀kan bá sì ti yapa sí èkejì, abẹ kò ní í sọ̀kalẹ̀. Ẹ ra èyí tó tọ́. Kó tó dé, ẹ má lo ẹ̀rọ náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà já ojú yẹn kọjá nítorí pé iṣẹ́ ìbò tàbí káàdì ìgbéyàwó ń dúró.